Bí Mo Ṣe Ń Yan Àpérò Àwọn Tó Ń Kọ Áàpù Tí Mo Máa Lọ

Lọ́dọọdún, kí ọdún tó wọ ìdajì, ìpolówó àpérò á ti kún inú ímeèlì mi: ti àwọn tó ń kọ áàpù fún iPhone, ti àwọn tó ń kọ ọ́ fún Android, ti àwọn tó ń fi irinṣẹ́ kan ṣoṣo kọ ọ́ fún méjèèjì, àti ti àwọn tó kàn fẹ́ ta ọjà fún gbogbo wa. Kò sí ẹni tí owó àti àkókò rẹ̀ lè ká gbogbo wọn. Ohun tí mo fi ń ṣe ìpinnu kò lọ títí: n kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kọ́ lórí pèpéle, torí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ náà ni màá rí wò lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá yá. Àwọn èèyàn tí màá bá níbẹ̀ ni mò ń sanwó fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àpérò méjì tí òkìkí wọn kàn jù. Apple máa ń ṣe WWDC nínú oṣù kẹfà, Google sì máa ń ṣe I/O nínú oṣù karùn-ún. Nígbà kan, ogun ni rírí tíkẹ́ẹ̀tì WWDC. Lọ́dún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dọ́là 1,599 ni wọ́n ń tà á, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ fi tán, débi pé nígbà tó di ọdún 2014, ṣe ni Apple ń ṣẹ́ kèké láti mọ àwọn tó máa láǹfààní àtirà á. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́dún 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Láti ọdún 2022 wọ́n ti ń pe ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ wá sí Apple Park, olú ilé-iṣẹ́ Apple ní Cupertino, ṣùgbọ́n fídíò tí àwọn wọ̀nyẹn ń wò lórí ìjókòó wọn níbẹ̀ náà ni èmi ń wò nílé. Ti I/O, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 2008, tí wọ́n sì gbé lọ sí Mountain View lọ́dún 2016, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: orí YouTube ni gbogbo rẹ̀ máa ń já sí.

N kò sọ pé wọn kò ṣe pàtàkì o. Nígbà tí Apple kéde Swift, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ní WWDC ọdún 2014, àti nígbà tí Google kéde ní I/O ọdún 2017 pé òun ti fọwọ́ sí èdè Kotlin fún Android, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2019, láàárín oṣù kan síra wọn, Google fi irinṣẹ́ Jetpack Compose hàn, Apple náà sì mú SwiftUI tirẹ̀ jáde, bí a ṣe ń to ojú áàpù pọ̀ kò sì tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń fi áàpù jẹun gbọ́dọ̀ gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó jáde. Àmọ́ ìròyìn kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó níye lórí jù ní WWDC ayé àtijọ́ ni yàrá tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Apple ti máa ń jókòó ti èèyàn láti yẹ kóòdù rẹ̀ wò. Ìyẹn náà ti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2020. Bí wọ́n bá fún mi láyè láti wá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, màá lọ tayọ̀tayọ̀. Bí wọn kò bá fún mi, n kò pàdánù ohun tó pọ̀.

Àwọn àpérò tí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn dá sílẹ̀ ni mo máa ń fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Droidcon, tó dá lórí Android, bẹ̀rẹ̀ ní Berlin lọ́dún 2009, ó sì ti tàn dé London, New York, Lisbon àti Nairobi. JetBrains, tó dá èdè Kotlin sílẹ̀, ṣe KotlinConf àkọ́kọ́ ní San Francisco lọ́dún 2017. Láti ọdún 2018 sí 2025, Amsterdam àti Copenhagen ló ń lọ ó ń bọ̀. Àwọn tó ń lo React Native, irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ áàpù fún iPhone àti Android lẹ́ẹ̀kan náà, ní App.js Conf ní Kraków, wọ́n sì ti ṣe Chain React ní Portland, àwọn tó ń lo Flutter, irinṣẹ́ mìíràn fún iṣẹ́ kan náà, sì ní Fluttercon tó bẹ̀rẹ̀ ní Berlin lọ́dún 2023. Ní ti iOS, ètò tó ń darí iPhone, try! Swift wà ní Tokyo, NSSpain wà ní Logroño ní Spain, iOSDevUK sì wà ní Aberystwyth ní Wales.

Àwọn méjì tí mo dárúkọ kẹ́yìn yẹn ń ṣe àwọn kan ní kàyéfì. Kí ló dé tí èèyàn á fi gbé àpérò lọ sí ìlú kékeré etíkun ní Wales, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sún mọ́ ibì kankan? Lójú tèmi, jíjìn yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Bí àpérò bá wà nínú ìlú ńlá, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oníkálukú á ti bá tirẹ̀ lọ: ẹni tó ní ọ̀rẹ́ nílùú á lọ kí i, ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà á wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlú kékeré ni, kò síbi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sá lọ. Àwọn tí ẹ jọ gbọ́rọ̀ láàárọ̀ lẹ jọ máa jẹun lálẹ́, ẹni tó dúró lórí pèpéle lọ́sàn-án lè bá yín jókòó sídìí tábìlì kan náà, kó sì sọ àwọn ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé síwájú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fún àpérò kékeré ní máàkì kún máàkì kí n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ètò àpérò, mo sì máa ń kà á bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ṣe ń ka ìwé àdéhùn. Àkọlé tó bá ní "Ọjọ́ Ọ̀la Áàpù Orí Fóònù" kò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́, ibikíbi ló sì ti lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé áàpù àwọn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lo fóònù olówó pọ́ọ́kú tí mẹ́mórì rẹ̀ kò tó nǹkan, pé ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí, pé àwọn gbìyànjú ọ̀nà méjì tí kò ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kẹta tó já sí i, ojú mi á là. Ẹni tó bá lè sọ ohun tí kò ṣiṣẹ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni màá wá fídíò kan tí ẹni náà ti ṣe níbòmíràn, màá wo ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, màá sì wo apá ìbéèrè àti ìdáhùn ní ìparí, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ tòótọ́ ti máa ń hàn.

Mo tún máa ń wo iye yàrá tí ọ̀rọ̀ á ti máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àti bí àkókò ìsinmi ṣe gùn tó. Bí yàrá bá jẹ́ márùn-ún, àwọn tí mo bá pàdé níta lè má tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́. Bó bá jẹ́ yàrá kan, ohun kan náà ni gbogbo wa jọ gbọ́, kò sì sí pé ẹnikẹ́ni ń wá ohun tó máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní ti ìsinmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ju kéèyàn fi tọ̀ lọ. Àpérò tó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì mọ ohun tí àwa tó wá ń wá.

Mo rí bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tí wọn kò mọra tẹ́lẹ̀ dúró ti tábìlì gíga kan, ọ̀kan ń ráhùn pé bí èèyàn bá ń fi ìka yí àtòkọ inú áàpù òun sókè, ṣe ló máa ń ta gìrì. Ìkejì ní kó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n so fóònù mọ́ ọn, wọ́n sì tan ẹ̀rọ tó ń wọn bí áàpù ṣe ń lo àkókò. Lórí ojú fóònù tó ń pààrọ̀ àwòrán nígbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16 péré ni áàpù ní láti fi pèsè àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọgọ́fà ni, nǹkan bíi 8 ló kù. Ti ọkùnrin yìí ń kọjá 40. Wọ́n sún mọ́ ìlà pupa tó wà níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé orí okùn iṣẹ́ (thread) kan náà tó ń to ojú áàpù ni kóòdù rẹ̀ ti ń tú àwọn fọ́tò. Kọfí ọwọ́ wọn kò tíì tutù tí wọ́n fi mọ ibi tí ìṣòro wà. Kò sí èyí tó hàn nínú fídíò àpérò náà.

Àwọn ibi ìpàtẹ ńláńlá, irú MWC tó máa ń wáyé ní Barcelona, kì í ṣe tèmi. Àwọn tó ń ta fóònù, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn tó fẹ́ bá wọn dòwò pọ̀ ni ọjà yẹn wà fún. Bí ẹ bá ní ọjà láti tà fún wọn, ẹ lọ.

Ní ti owó, tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń kéré jù nínú ìnáwó náà. Ọkọ̀ òfuurufú, òtẹ́ẹ̀lì àti iṣẹ́ tí èèyàn kò ṣe láwọn ọjọ́ yẹn ló máa ń gbé owó lọ, ẹni tó bá sì nílò físà ní láti ka oṣù sẹ́yìn kó tó fọkàn sí ọjọ́ kankan. Èmi kì í san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ṣáájú àkókò, bó ti wù kí ẹ̀dínwó rẹ̀ pọ̀ tó, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo lè dá a padà tàbí kí n fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà tó dín owó kù jù ni kéèyàn béèrè fún àyè láti sọ̀rọ̀: ọ̀pọ̀ àpérò kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, àwọn kan sì máa ń bá wọn san owó òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀. Wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn ìbéèrè yẹn ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì ronú nípa rẹ̀ rárá.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò èyíkéyìí nínú àwọn ìrìn-àjò yìí. DevFest, ìyẹn àpérò tí àwọn ẹgbẹ́ Google Developer Groups máa ń ṣe kárí ayé ní ìparí ọdún, tó fún un. Ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà tó sún mọ́ ọn.

Ní tèmi, ètò ọdún tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀. Màá wo I/O àti WWDC nílé pẹ̀lú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, a ó sì pín àwọn fídíò náà láàárín ara wa kí ẹnì kan má baà wo gbogbo rẹ̀. Màá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àpérò kékeré méjì, èyí tó bá gbà mí ni màá lọ. Ìṣòro kan wà nínú áàpù wa tí a kò tíì rí ojútùú rẹ̀, èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú bí áàpù ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn tó ti bá irú rẹ̀ jà rí ni mo sì ń wá lórí ètò àwọn méjèèjì.