Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ọ̀nà tí ó kúrú jù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú yín gbé wá bá mi nílé ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó mú mi kọ ìwé yìí, nítorí àṣìṣe tí ó gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ mi ni mo tún bá pàdé nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn méjì ni mo ní fún yín. Èkíní ni pé kí ẹ fọwọ́ ya àwòrán kí ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Èkejì ni pé ọ̀nà tí ó kúrú jù kì í sábà ṣe èyí tí ó yá jù, èyí ni mo sì gbọ́dọ̀ fi ìtàn ara mi sọ.

Eré slalom lórí sìkíì, ìyẹn pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ni mo fi ṣe iṣẹ́ tèmi, nítorí pé mo rí Kwame Nkrumah-Acheampong, ọmọ Gánà, tí ó sá eré náà nínú ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Vancouver, ní Kánádà, ní ọdún 2010. Ẹni tí ó ń sá a yóò máa yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín, yóò gba ẹ̀yìn òpó kan lápá òsì, yóò sì gba ti èkejì lápá ọ̀tún, àárín òpó kan sí èkejì kì í sì í ju mítà 6 sí 13 lọ. Mo fa ìlà tààrà láti ìdí òpó dé ìdí òpó, mo ṣírò àkókò, mo sì kọ ọ́ pé ipa yìí ni ó yá jù. Olùkọ́ tí ó ń tọ́ mi sọ́nà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, olùdánwò tí ó wá láti ìta ya òpó méjì sójú pátákó, ó ní, "Níbi tí ìlà rẹ ti ṣẹ́ yìí, mélòó ni rédíọ̀sì rẹ̀?" Rédíọ̀sì ni ìwọ̀n bí ibi tí a ti yí ṣe fẹ̀ tó, láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀; ti igun tèmi, òdo ni. Kò sí ara tí ó lè fi eré yí ní igun bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sá mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí rédíọ̀sì ibi tí ó ti yí sì jẹ́ mítà 12, agbára tí yóò yí i fi díẹ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Bí rédíọ̀sì bá di mítà 6, agbára náà yóò di ìlọ́po méjì èyí. Etí sìkíì kò ní lè di yìnyín mú mọ́, yóò fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀, yóò máa ha ilẹ̀, eré tí ó ti kó jọ láti òkè yóò sì ṣòfò. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yí láti òkè òpó, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá fi máa kọjá lára rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wà níbi tí òpó kejì wà. Àwọn ọlọ́kadà tí ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iléṣà, níbi tí mo dàgbà sí, ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Láti ọdún 1696 ni Johann Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò, ti béèrè ọ̀nà tí ó yá jù fún ohun tí ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ìlà tààrà. Olùkọ́ mi mọ èyí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ náà, ó tẹjú mọ́ ìwé iwájú rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan, èmi nìkan ni mo sì tún ọdún náà ṣe. Ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí mo tún ìṣirò náà ṣe, tí mo fún gbogbo ibi tí a ti ń yí ní rédíọ̀sì tí sìkíì lè gbà láìyọ̀, ipa tí ó gùn díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Èyí tí mo fẹ̀ jù sì tún pẹ́, nítorí pé ìrìn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ "rédíọ̀sì dà?" sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo òpó tí ó wà nínú àwòrán àbúrò mi, mo sì dá a padà fún un.