Kí Ẹ Tó Kọ Orúkọ Yunifásítì Sínú Fọ́ọ̀mù JAMB

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Tanke, ní Ìlọrin níbí. Bí àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí a máa yà wá bi mí pé, "Àáfà, ilé ìwé wo ló dáa jù fún ọmọ yìí?" Èmi náà a bi wọ́n padà pé, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ta ló ń gbọ́ bùkátà ilé ìwé náà fúnra rẹ̀? Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi nìyẹn.

Ẹ wo Unilorin. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó ilé ìwé rẹ̀ kò fi jọ ti aládàáni rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ìjọba yìí kan náà ló ń bí ìyanṣẹ́lódì. Lẹ́yìn wàhálà ọdún 2001, nígbà tí wọ́n lé olùkọ́ 49 níbẹ̀ nítorí ìyanṣẹ́lódì, tí ẹjọ́ wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kó tó parí ní 2009, Unilorin kò bá ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ gbogbo ń rọ́ wá, tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń yàn jù nínú fọ́ọ̀mù JAMB nígbà kan. Òbí tó ti rí kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin tó di mẹ́fà mọ ìdí. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì 2022 dé, láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá, Unilorin náà tì. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ọwọ́ wọn gbé e ti ń bi mí léèrè àwọn yunifásítì aládàáni: Landmark ní Òmù-Àrán, Al-Hikmah, àti Summit ní Ọ̀fà.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà ní 2024, nígbà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń san owó ilé ìwé tààrà sí àkáǹtì ilé ìwé, ó sì ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹun. Kò ní èlé. Ẹ má fojú kéré ìyẹn ní Ìlọrin o, torí ọ̀pọ̀ òbí níbí ni kò ní fọwọ́ kan owó eléèlé nítorí ẹ̀sìn. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, bí ọmọ bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀.

Àmọ́ ilé ìwé ìjọba nìkan ni ẹ̀yáwó náà wà fún. Ìyá kan wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ti pinnu pé yunifásítì aládàáni lọmọ òun máa lọ, pé ìjọba á yá wọn lówó. Mo ní, "Màmá, wọn ò ní yá yín lówó fún ibẹ̀ o." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo mà ti sọ fún gbogbo ìjọ!" A jọ rẹ́rìn-ín, ọmọ sì fi KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara ní Malete, ṣe àkọ́kọ́. Owó KWASU máa ń ju ti àpapọ̀ lọ, torí àpò ìpínlẹ̀ kò tó ti Àbújá, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó dé ibẹ̀. Ó dé Pólì Ọ̀fà náà.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé ẹ̀yáwó kì í ṣáájú ìgbaniwọlé. Àwọn tí mo bá ṣe é, àpò ara wọn ni wọ́n ti san owó acceptance, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń gba àyè tí ilé ìwé fún wọn, nítorí náà ẹ ti máa tọ́jú ìyẹn. Ilé ìwé gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí NELFUND, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ bára mu lórí NIN, BVN àti JAMB. Abdulwahab lórí NIN, Wahab lórí JAMB: wàhálà dé nìyẹn. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, nítorí àtúnṣe NIN kì í yá.

Ti kọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ti kéde rí pé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba á máa gba 75,000 náírà ní sáà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń kọ́ NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni á sì gba 50,000. Àwọn kan sáré wá yí kọ́ọ̀sì sí Education. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n kéde lórí rédíò kì í ṣe owó tó ti wọ àkáǹtì, ọmọ tí kò fẹ́ dúró níwájú kíláàsì yóò sì ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe.