Àyẹ̀wò Ọdún Mi Pẹ̀lú Àwọn Ẹyẹ Kéékèèké Etí Omi

Ọdún tó ń parí lọ yìí ni mo yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ tí wọ́n jẹ́ ìbátan lékeléke, ṣùgbọ́n tí wọn kì í dúró sí gbangba bíi tirẹ̀: àwọn kéékèèké tí ń gbé etí ọ̀sà àti inú àbàtà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà.

Èyí tí mo bá dọ́rẹ̀ẹ́ jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Butorides striata, tí kò gùn ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ láti ṣóńṣó ẹnu dé ìrù. Nínú ọgbà tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990, mo wo ọ̀kan tó lóṣòó sórí gbòǹgbò, tí orí rẹ̀ wọ inú èjìká débi pé ènìyàn á ní kò lọ́rùn rárá. Bí ẹja kékeré kan ti gòkè báyìí, ọrùn náà yọ jáde, ó gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara rẹ̀; ó he ẹja náà, ó sì yí i lẹ́nu títí orí ẹja fi kọjú sí ọ̀fun kí ó tó gbé e mì. Ní ilẹ̀ Japan, wọ́n ti rí irú ẹyẹ yìí tó ń fi kòkòrò tàbí ìyẹ́ sójú omi láti fi tan ẹja wá. Mo ṣì ń retí kí ti Èkó dá irú àrà bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Èkejì, Ixobrychus sturmii, kéré ju ìyẹn lọ, òjò ló sì ń tẹ̀lé kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò na ara ró ṣánṣán, yóò gbé ẹnu sókè, ilà dúdú àyà rẹ̀ yóò sì dàpọ̀ mọ́ koríko. Nínú oṣù Okúdù, nítòsí Ẹ̀pẹ́, apẹja ọ̀dọ́ kan ló fi hàn mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo òkè, ìdí koríko yẹn ni kí ẹ wò.”

Etí omi tín-ín-rín tó ní koríko yìí gan-an ni à ń pàdánù. Bí wọ́n bá kó iyanrìn dí àbàtà, lékeléke kò ní ṣòfò púpọ̀, nítorí ó lè máa tẹ̀lé màlúù jẹ tata (àwọn ará rẹ̀ tilẹ̀ ti rékọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún). Àwọn kéékèèké yìí kò ní irú ọ̀nà àbáyọ bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wọ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò àbàtà, ní 2001, ó sì ní ibi 11 nínú ìwé àwọn àbàtà pàtàkì tí àdéhùn náà ń tọ́jú. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Èkó. Èyí kò bójú mu rárá.

Ní ọdún tó ń bọ̀, mo fẹ́ máa kọ ibi tí koríko etí omi ṣì kù sí mọ́ orúkọ ẹyẹ tí mo bá rí, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni n óò bẹ̀rẹ̀, kí òjò tó dé.