Páálí Bàtà Oma àti Ààlà Tí Kò Kú

Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni òfin ti gbà kí àlejò di ọmọ ilẹ̀ Jámánì láìkọ ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ti ń dúró dè nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà ní Berlin. Mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ìbéèrè 33 ni wọ́n máa ń bi èèyàn, ẹni tó bá gba 17 ti yege. Inú 310 ni wọ́n ti ń ṣà á, mo sì ti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí: ọdún tí wọ́n mọ Ògiri Berlin, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1953, ìjọba mẹ́rin tó pín ilẹ̀ Jámánì mọ́ra wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ogun Hitler. Mo yege. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ nígbà tí mo ń bọ̀ nílé. Berlin yìí náà ni àwọn òyìnbó ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn baba wa lọ́dún 1884. Nínú ìbéèrè 33 tó kàn mí, kò sí ẹyọ kan tó dárúkọ ìpàdé yẹn.

Mo sọ ọ́ fún Oma lálẹ́ ọjọ́ náà.

Oma ni ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, nítòsí Bornholmer Straße. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ọmọ ṣe ń pe ìyá àgbà rẹ̀ níbí. Ọdún 1942 ni wọ́n bí wọn, inú ilé yìí náà sì ni. Hitler ló wà lórí àléfà nígbà náà. Abẹ́ sójà Soviet ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Wọ́n di abilékọ ní DDR, ìyẹn Jámánì apá ìlà-oòrùn, ìjọba òde òní ló sì ń san owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ìjọba mẹ́rin, àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Wọ́n fa páálí bàtà kan yọ lábẹ́ ibùsùn. Ìwé ìdánimọ̀ DDR aláwọ̀ búlúù wà nínú rẹ̀, àti owó ẹyọ tó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, nítorí pé álúmínọ́mù ni wọ́n fi rọ ọ́. Wọ́n gbé ẹyọ kan lé mi lọ́wọ́.

"Orílẹ̀-èdè tó ni owó yìí ti kú," ni wọ́n wí. "Ojú mi ló ṣe."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Oma nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Stalinallee daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1953. Ìjọba ti fi kún iye iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe, kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ìwọ́de ti gba ọ̀pọ̀ ìlú ní DDR. Ọkọ̀ ogun onírin Soviet bá wọ ìgboro, ìbọn dún, àwọn èèyàn kú. Bàbá Oma wọlé, wọ́n ti fèrèsé pa, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ìjọba mọ́ títí wọ́n fi kú.

Àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ sọ ọ́. Láti 1949 dé 1961, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 èèyàn ló fi DDR sílẹ̀. Ìjọba wo ló lè dúró bí dókítà, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá ń gba ọ̀nà Berlin lọ lójoojúmọ́? Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1961, wọ́n dí ọ̀nà náà. Wọ́n ní nítorí ọ̀tá tó wà níta ni, ṣùgbọ́n inú ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Ó kéré tán, èèyàn 140 ló kú sídìí ògiri náà. Ẹ̀gbọ́n Oma ń gbé apá ìwọ̀-oòrùn, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ láti ibi tí a jókòó sí yìí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni wọn ò fi fojú kan ara wọn, títí di ìgbà Kérésìmesì ọdún 1963 tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ní ìwé àṣẹ láti wá kí ẹbí wọn.

Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń kàwé ìdánwò. Ìbínú kan náà ló gbé àwọn èèyàn jáde lọ́dún 1953 àti lọ́dún 1989. Kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi já sí ẹ̀jẹ̀, tí ti ìkejì wá já sí ijó?

Oma ò ronú rárá. "Moscow ni."

Mo ti máa ń rò ó pé àwọn èèyàn tó tú síta ló wó ògiri náà. Wọ́n ṣe gudugudu méje, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iyì yẹn lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1989, nǹkan bíi 70,000 èèyàn rìn yí ìgboro Leipzig po pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ tí ìjọba Ṣáínà pa àwọn ọ̀dọ́ tirẹ̀ ní Tiananmen, tí àwọn aláṣẹ DDR sì kí wọn kú iṣẹ́. Ẹni tó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn mọ̀ pé òun lè má padà wálé. Ṣùgbọ́n sójà Soviet tó lé ní 300,000 wà ní DDR, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ fún wọn láti jáde ní bárékè. Gorbachev, olórí Soviet, ti rí i pé ọrọ̀ ajé Soviet ò lè gbé ẹrù ilẹ̀ àjòjì mọ́. DDR fúnra rẹ̀ ti jẹ gbèsè lọ́wọ́ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn tó ń pè ní ọ̀tá. Húngárì ti ṣí ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Austria sílẹ̀ fún àwọn ará DDR lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, ògiri Berlin wá dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì sára ilé tí kò ní ògiri ẹ̀yìn.

Alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ni Schabowski, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn èèyàn lè máa rìnrìn àjò sí òkè òkun. Wọ́n bi í pé láti ìgbà wo, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà. Oma wọ bùbá ìsunlé, wọ́n da kóòtù bò ó, wọ́n lọ sí afárá Bornholmer. Èrò ti kún bámúbámú. Harald Jäger tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ títí, kò rí ẹni fún un ní àṣẹ gidi kan. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́, ó ní kí wọ́n ṣí i. Oma kọjá. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n wọn láàjìn.

Ojú wọn ṣì ń tàn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìyókù, èyí tí kì í sí nínú àwòrán ayọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Jámánì lọ́jọ́ kejì. Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ò fẹ́ kí Jámánì di ọ̀kan, àyà Mitterrand, ààrẹ Faransé, náà ń já. Kohl, olórí ìjọba Jámánì apá ìwọ̀-oòrùn, ní láti bẹ tibí, kó ṣèlérí fún tọ̀hún. Àwọn ìjọba mẹ́rin tó ṣẹ́gun Hitler ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní Moscow lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Sójà Jámánì ò ní ju 370,000 lọ. Ààlà Pólándì ò ní yẹ̀ mọ́ láéláé. Jámánì á sì san owó kí àwọn sójà Soviet lè rí ilé gbé bí wọ́n bá padà sílé. Pẹ̀lú ẹ̀yáwó tí kò ní èlé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 15 máàkì.

Oma náà san tiwọn. Lọ́jọ́ 1 oṣù keje ọdún 1990, owó DDR di owó ìwọ̀-oòrùn. Máàkì kan ni wọ́n fi pààrọ̀ máàkì kan nínú 4,000 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pamọ́. Èyí tó kù, méjì ló di ẹyọ kan. Ilé iṣẹ́ gílóòbù iná tí Oma ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún kò rí ẹni ra ọjà rẹ̀ mọ́. Wọ́n dá wọn dúró ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. "Mo gba òmìnira," ni wọ́n wí, "mo sì jókòó sílé pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta."

Ìgbà yìí ni wọ́n tó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́dún 1884.

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé ni pé àwọn òyìnbó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n sì gé Áfíríkà bí ẹran iléyá. Ìgbà tí mo dé ibí tí mo kà á dáadáa ni mo tó mọ̀ pé ìwà wọn tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1884 títí di ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1885, Bismarck, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, pe àwọn aṣojú jọ ní Wilhelmstraße 77; orílẹ̀-èdè 14 ni gbogbo wọn, Jámánì fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Ọmọ Áfíríkà kan ò sí níbẹ̀. Abala 38 ni àdéhùn wọn ní: ọ̀rọ̀ òwò lágbègbè odò Kóńgò, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ọya, àti ìlànà pé ẹni tó bá gba etíkun kan lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn yòókù, kó sì fi hàn pé àṣẹ òun múlẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò fa ìlà kankan gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kàn ṣe òfin tí olè méjì ò fi ní bá ara wọn jà lórí ẹrù. Ìlà tó gbé Kétu fún Faransé, tó sì fi Ìmẹ̀kọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, wọ́n sì parí ìyókù lọ́dún 1898.

Kí ló kan Bismarck nínú rẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré ni orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ogun mẹ́ta ló fi kó o jọ: Denmark lọ́dún 1864, Austria lọ́dún 1866, Faransé lọ́dún 1870. Ó ti gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ Faransé, ó sì dára lójú rẹ̀ kí Faransé máa wo Áfíríkà dípò kó máa wo ibi tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà. Ilẹ̀ wa ni wọ́n fi pẹ̀tù sí ìjà ojúlé wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, mi ò sì ní díbọ́n bí ẹni pé kò dùn mí.

Oma ní, "Ṣùgbọ́n ìjọba Bismarck ti kú. Èmi gan-an ò bá a láyé."

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Bakassi fún wọn. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé kan tó fi Bakassi sí apá Kàmẹrúùnù, tó jẹ́ ti Jámánì nígbà náà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn atukọ̀ ogun Jámánì ní Kiel kọ̀ láti lọ kú sínú ogun tí wọ́n ti pàdánù, ọ̀tẹ̀ ràn dé Berlin, Kaiser, ọba wọn, sì sá lọ sí Netherlands. Ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé náà wọlẹ̀ lọ. Hitler dé, ó lọ. DDR dé, ó lọ. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague ka ìwé ọdún 1913 yẹn, ó sì ní Kàmẹrúùnù ló ni Bakassi. Nàìjíríà mú àdéhùn ààbò tí àwọn ọba Calabar àtijọ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1884 wá siwájú adájọ́, pé ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ilé kò ní àṣẹ láti tà á. Ilé ẹjọ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2008, Nàìjíríà jọ̀wọ́ ohun tó kù, àwọn apẹja tí wọ́n ń sọ èdè Efik sì jí lábẹ́ àsíá mìíràn.

Oma dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú owó ẹyọ náà padà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní: "Ààlà tiwa kú nígbà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó lágbára mọ́. Ta ló ṣì nílò tiyín?"

Ìdáhùn rẹ̀ wà, kò sì dùn ún sọ. Àwa la nílò rẹ̀. Ní Cairo, oṣù keje ọdún 1964, àwọn olórí Áfíríkà fúnra wọn fẹnu kò pé ààlà tí àwọn bá lọ́wọ́ òyìnbó lọ́jọ́ òmìnira ni kó dúró. Somalia àti Morocco nìkan ló takò ó gidigidi. Mi ò lè bú àwọn tó kù. Bí wọ́n bá tú ìdí ìlà kan, gbogbo ìlà ni yóò máa tú, ẹ̀jẹ̀ ló sì máa ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n ìlà náà dáàbò bo àga tí wọ́n jókòó lé pẹ̀lú. Méjèèjì ni òótọ́.

Mo ti rí ohun tí títú ìlà ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, èmi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pín oúnjẹ ní ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Berlin fún àwọn tó ń sá bọ̀ láti Ukraine nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Kharkiv di aṣọ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n parí?" Ọmọ ilẹ̀ Ukraine ni òfin ààbò tí ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde lọ́jọ́ 4 oṣù yẹn ṣe fún ní pàtàkì, akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú mìíràn ò rí i gbà bẹ́ẹ̀. Putin tó rán bọ́ǹbù sí Kharkiv, òṣìṣẹ́ KGB, ìyẹn iléeṣẹ́ amí Soviet, ni ní Dresden ní DDR lọ́dún 1989. Alẹ́ tí Oma fi ayọ̀ sunkún ni agbára tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Oma ní kí n mú àwọn lọ sí Wilhelmstraße. Wọ́n ní nígbà DDR, Otto-Grotewohl-Straße ni àdúgbò náà ń jẹ́, àti pé àwọn kò mọ̀ rí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó kan Áfíríkà. Ilé Bismarck ò sí níbẹ̀ mọ́. Àmì ìrántí kan ló wà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì tún un kà.

Wọ́n ní kí n fi Kétu han àwọn. Mo ṣí máàpù lórí fóònù, mo fẹ̀ ẹ́ títí Kétu àti Ìmẹ̀kọ fi hàn, ìlà náà láàárín wọn. Oma gbé ìka lé e.

"Àwọn tó ń gbé ìhín àti àwọn tó ń gbé ọ̀hún, èdè wo ni wọ́n fi ń kí ara wọn?"

"Yorùbá," mo dá wọn lóhùn.

Wọ́n mi orí. Bọ́ọ̀sì wa ti ń bọ̀, mo di ọwọ́ wọn mú, a sọdá.