Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ẹ́ńjìnnì Ìlagi Ti Kú: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ ní Iléṣà

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìlagi tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Iléṣà ni wọ́n ti kà mọ́ òkú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn agégẹdú máa ń rò: okùn rẹ̀ ti fúyẹ́ jù, kò ní kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n mọ́, ẹ bá wa wá písítínì. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n náà, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí písítínì ń fún pọ̀ nínú sílíńdà, ń gbà sá lọ, kí owó písítínì tó jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bọ́tìnnì kékeré tó wà lórí sílíńdà, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó fa okùn. Fáàfù ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá ló sábà máa ń ní in, nítorí pé láìsí i, okùn lè já gbà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ kí ó sì ṣe é léṣe. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ihò tín-ín-rín kan á ṣí, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí písítínì ń fún pọ̀ á gba ibẹ̀ jáde, okùn á sì rọrùn láti fà. Bí iná bá ti wá ràn nínú sílíńdà, agbára iná náà ni yóò tì í padà sókè. Nítorí náà, bí bọ́tìnnì bá ta sókè tí ẹ́ńjìnnì kò sì tíì máa ṣiṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù, iná ti kọ́kọ́ ràn nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí èédú ọ́ìlì àti lẹ́búlẹ́bú igi bá há sí ìdí rẹ̀ tí kò lè padé dáadáa mọ́ ni wàhálà dé. Ẹ ó rí ọ́ìlì dúdú tó rin yí i ká, ẹ ó sì gbọ́ tí ń dún ṣíì bí ẹ bá rọra fa okùn. Bí kò bá dá mi lójú, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọṣẹ tó hó dáadáa yí i ká nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù; bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbẹ̀, ọṣẹ náà á máa wú róbótó-róbótó.

Lẹ́yìn èyí ni géèjì tí a fi ń wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí àwọn mekáníìkì ọkọ̀ ń lò, pàápàá tí rọ́bà rẹ̀ bá gùn tí kò sì ní fáàfù lẹ́nu ibi tó ti ń wọ ihò púlọ́ọ̀gì. Sílíńdà ẹ́ńjìnnì ìlagi kéré, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé ọwọ́ géèjì sókè á tán sínú rọ́bà, géèjì á sì máa purọ́. Mo máa ń di tọ̀rọ́tù (ohun tí a ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré) mú pátápátá, n kò ní tẹ bọ́tìnnì, mo á sì máa fa okùn títí ọwọ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Bí ó bá wà láàárín 120 sí 170 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà), ara rẹ̀ le. Bí kò bá tó 100, mo á fọ ìdí fáàfù náà mọ́ kí ìdọ̀tí má baà já sínú sílíńdà, mo á tú u, mo á fi bóòtù tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá a mu àti wáṣà bàbà dí ihò náà, mo á sì tún un wọ̀n. Bóòtù yẹn kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ fáàfù lọ, kí písítínì má baà gbá a.

Bàbá kan gbé tiwọn wá láti Ifẹ̀wàrà, àwọn kan sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ra sílíńdà àti písítínì. Géèjì ka 80. Nígbà tí mo dí ihò náà, ó ka 145. Mo ní, “Bàbá, ẹ da owó yín padà sápò, fáàfù lásán ni.” Wọn kò gbà títí mo fi tú sálẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, tí mo sì fi tọ́ọ̀ṣì han wọ́n pé àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi gé ara písítínì ṣì wà lódindi.

Bí fáàfù kò bá jẹ̀bi, ihò sálẹ́ńsà yìí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, nítorí pé ara písítínì kì í fi ohun tó pa á pamọ́. Bí ó bá ha lóròóró níhà sálẹ́ńsà nìkan, ooru ló pọ̀ jù: epo tó ń wọlé kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbi ọ́ìlì síìlì tàbí rọ́bà ìdí kàbúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀). Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ máa ń sáré fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi tọ̀rọ́tù sílẹ̀. Bí ó bá ha yíká, ìhín àti ọ̀hún, bẹntiróòlù tí kò ní ọ́ìlì ni wọ́n bù sí i. Bí a bá tú kàbúrétọ̀ tí a sì rí i pé ìhà ibẹ̀ ló ti jẹ, tí ó sì ti ṣú, eruku ló ń gba ara fílítà kọjá. Ẹni tó bá kàn fi písítínì tuntun sí i láì wá ìdí yìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi tún ra òmíràn.

Ní ti àpòpọ̀ epo, ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì àti ike ọ́ìlì bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé: 50:1 jẹ́ 20 ml ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù kan, 25:1 sì jẹ́ 40 ml. Inú mi kì í dùn sí àwọn tó ń fi ojú wọ̀n ọ́n, tí wọ́n á sì tún gbé ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ la pákó àpá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́mù tí àwọn kan ń dà sí ṣéènì, kò gbọdọ̀ kan bẹntiróòlù rárá.

Bí mo bá ti tò ó padà, skrú H, èyí tó ń ṣètò epo tó ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, ni mo máa ń tún ṣe kẹ́yìn. Nígbà tí a bá di tọ̀rọ́tù mú tí kò gé nǹkan kan, ó yẹ kó máa dún bí akólòlò díẹ̀, kí ohùn rẹ̀ sì já gaara nígbà tí ṣéènì bá wọ igi. Bí ó bá ń han gooro láìkan igi, epo kò tó. Mo á yí skrú náà sí òsì díẹ̀, mo á sì tún gé igi mìíràn wò kí n tó pe ẹni tó ni ín.