Ọmọbìnrin Tó Dé Adé fún Ìgbà Díẹ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìtàn òyìnbó kan tán. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gorí ìtẹ́, ó ń wá agbára idán nínú àwọn ìwé àtijọ́. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ gbogbo làálàá ọbabìnrin yẹn kò ju kó rí adé dé, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i lórí rẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo dàgbà sí, nítòsí òkè Olósùnta, a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ irú èyí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adélé. Yóò wọ agbádá àti ṣòkòtò, yóò kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, àwọn ìjòyè tó lè bí i lọ́mọ yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò ní, "Kábíyèsí o!" Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ, ó parí. Mo kúnlẹ̀ kí adélé kan rí nígbà tí mo wà ní girama. Ó bi wá bóyá a ti san owó WAEC. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Òun ni mò ń kọ ìtàn lé lórí báyìí: ọbabìnrin tó mọ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun yóò gbé adé sílẹ̀. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò jà fún?

Ní ti ìwé àtijọ́, mi ò kó tákàdá sínú ààfin rẹ̀. Odù Ifá 256 wà lórí ahọ́n babaláwo, ìyẹn wà nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ìwé tó jẹ mí lọ́kàn jù, ilẹ̀kùn ni. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan sì ń gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bọ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wọn níbẹ̀, rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdéhùn, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nínú ìtàn mi, bí adélé bá fọwọ́ kan ère ara ilẹ̀kùn, tó ki oríkì rẹ̀ pé, ère náà yóò la ẹnu, yóò ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tí kò mọ oríkì, igi lásán ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn àlejò ti gbé ìtẹ́ tó ń dán dé, ojú àwọn ìjòyè ti wọ̀ ọ́, afọbajẹ sì ti fẹ́ mú ọba. Ọmọbìnrin yìí ń kó àwọn ọmọdé jọ lóru, ó ń kọ́ wọn ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn. Ẹ̀yin ará Ọ̀yẹ́, Ìkọ́lé àti Ìjerò, ẹ jọ̀ọ́, bí adélé bá ti jẹ rí nílùú yín, ẹ sọ fún mi: kí ni wọ́n kà léèwọ̀ fún un? Ta ló ń se oúnjẹ rẹ̀? Kí ni ẹ̀ ń pè é nígbà tó kúrò láàfin?