Òrùlé Ni Mo Ń Kọ́kọ́ Wò

Bí ènìyàn bá wọ ọgbà àwọn tí ń ta ilé onítáyà, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV, ilé ìdáná ni wọn yóò kọ́kọ́ fi hàn án: kọ́bọ́ọ̀dù funfun, fíríìjì gìrìwò, iná kéékèèké tí ń tàn lábẹ́ pẹpẹ, àti àga tí a lè tẹ́ di bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo rẹ̀ ló wu ojú. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn ará wa níhìn-ín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè èwo ni kí wọ́n rà, yálà fún ìrìn-àjò ìsinmi tàbí láti máa gbé inú rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, ìdáhùn kan náà ni mo ń fún wọn: ẹ fi inú ilé sílẹ̀ ná, ẹ wá àkàbà, kí ẹ gòkè lọ wo òrùlé.

Omi ló ń pa ilé onítáyà ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n èyí ń gbọ̀n jìgìjìgì ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà lójú títì, tí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí ohun méjì bá ti pàdé lára rẹ̀, bí etí òrùlé, àyíká fèrèsé àti ìdí iná ẹ̀yìn, yóò máa tú díẹ̀díẹ̀. Òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pílíwúùdù tí a tẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ lé lórí, tí wọ́n sì gbẹ́ ihò sí fún fáànù, fún ẹ̀rọ amúlétutù, àti fún páìpù tí ń gbé òórùn táńkì ìdọ̀tí jáde. Gọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fi ń dí etí àwọn ihò wọ̀nyí. Oòrùn a máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi sán, òjò a sì rí ọ̀nà. Ògiri tí ó bá ti lanu, aláǹgbá nìkan kọ́ ni yóò wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ni irú ilé yìí fi gbọ́dọ̀ máa gun òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún láti yẹ gọ́ọ̀mù náà wò. N kò tíì pàdé oníṣòwò tí ó fi ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní Elkhart àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Indiana, níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé onítáyà Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ògiri. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi igi ṣe férémù, kí wọ́n ki òwú amóoru sí àárín, kí wọ́n sì fi páànù alumíníọ́mù bò ó láti ìta. Èkejì ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ fáíbà mọ́ pílíwúùdù fẹ́lẹ́, kí fóòmù líle wà láàárín, kí wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi kan. Èkejì yìí ń dán, owó rẹ̀ sì ga jù, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó sàn jù. Bí omi bá wọ ti àkọ́kọ́, káfíńtà tí ó mọṣẹ́ lè ṣí páànù, kí ó yọ igi tí ó ti jẹrà, kí ó sì fi tuntun sí i. Bí omi bá wọ èkejì, gọ́ọ̀mù yóò já, awọ fáíbà yóò wú kúrò lára ògiri, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju ohun tí ọkọ̀ náà tó lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti pa pílíwúùdù tì nínú irú ògiri yìí, ohun tí a fi ike àti fáíbà pò, tí kò lè jẹrà, ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ bèèrè, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Láti mọ̀ bóyá ògiri ti ń wú, ẹ dúró ní igun iwájú ọkọ̀ náà ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ súnmọ́ ara ògiri, kí ẹ sì tẹ ojú lọ gbọọrọ títí dé ẹ̀yìn. Ibi tí ó bá ti wú yóò jù òjìji díẹ̀ sílẹ̀. Nínú ilé, ẹ gbé mátíráàsì sókè, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun tí ògiri méjì ti pàdé, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ fèrèsé àti ilẹ̀ pákó tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Pákó tí ó bá rì lábẹ́ ìka ti jẹrà. Bí ẹni tí ń tà á bá sì ti fín lọ́fíńdà kún gbogbo inú rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀.

Bí ojú ìsopọ̀ bá ṣe kéré tó ni ewu ṣe ń dín kù, ohun tí ó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ tí a fi fáíbà dà ní awẹ́ ńláńlá nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan nínú wọn, Boler, ní Winnipeg, ní Kánádà, ní 1968. Scamp tẹ̀lé e ní Backus, ní Minnesota, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Awẹ́ méjì péré ni ara wọn, a dé ọ̀kan lé èkejì bí ìdérí igbá, ojú ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló sì yí wọn ká. Èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970 ṣì wà lójú ọ̀nà títí di òní. Wọ́n kéré lóòótọ́, ẹni tí ó bá ní ọmọ mẹ́rin kò lè gbà á rò. Ní ti Airstream, tí Wally Byam dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí wọ́n sì ti ń ṣe ní Jackson Center, ní Ohio, láti 1952, mo gbà pé ó lẹ́wà, ó sì ń pẹ́. Síbẹ̀, orí ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lára alumíníọ́mù rẹ̀, ihò ni, ilẹ̀ pílíwúùdù inú àwọn tí ó ti gbó a sì máa jẹrà láti ẹ̀yìn. Orúkọ ńlá kò ní kí ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Lára ọ̀pọ̀ ilé onítáyà, òǹtẹ̀ RVIA kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ilé onítáyà ní Amẹ́ríkà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ náà jẹ́jẹ̀ẹ́ láti tẹ̀lé ìlànà ààbò lórí iná, gáàsì, omi àti ẹ̀rọ iná mànàmáná. Kò sọ pé òrùlé kò ní jò, kò sì sọ pé ilé tí a lè gbé láti January dé December ni. Ilé alágbèéká tí a ń gbé kalẹ̀ sójú kan ní òfin tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti June 15, 1976, èyí tí ó kan agbára ìjì àti òtútù. Fún ilé kéékèèké tí kò ju 400 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, ìwé òfin ìkọ́lé ti 2018 fi àfikún kan sí i, tí ó ní kí àjà yàrá má dín ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, ìjọba kó àwọn tí ilé wọn bàjẹ́ ní Louisiana àti Mississippi sínú ilé onítáyà. Nígbà tí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dènà àrùn, yẹ 519 wò, wọ́n rí i pé formaldehyde, afẹ́fẹ́ kẹ́míkà tí ó lè pa ènìyàn lára, tí ó wà nínú wọn jẹ́ ìdá 77 nínú bílíọ̀nù kan ní ìpíndọ́gba, ó sì ju ti ilé gidi lọ. Gọ́ọ̀mù inú pákó fẹ́lẹ́ wà lára ibi tí ó ti ń jáde. Ohun tí a ṣe fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ìdílé ń sùn tí wọ́n ń jí nínú rẹ̀. Òfin tuntun lórí irú pákó bẹ́ẹ̀ jáde ní 2010.

Ilé kékeré tí káfíńtà kọ́ sórí irin onítáyà máa ń móoru ju RV lọ, torí pé igi gidi àti fèrèsé ilé gidi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ìwúwo ni gbèsè tí ó ń san, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fà káàkiri lóṣooṣù. Ibùsùn òkè wọn kò bá ẹni tí orúnkún ń dùn mu. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀: ènìyàn méjì tí ń mí, tí ń wẹ̀, tí ń sebẹ̀ nínú àyè tóóró bẹ́ẹ̀ yóò mú kí ojú fèrèsé máa sun omi ní ìgbà òtútù. Àǹtí mi kan tí ń gbé ní Texas bèèrè bóyá òun lè máa din ata níbẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe, bí fáànù orí sítóòfù bá ń tú èéfín síta, torí ọ̀pọ̀ kàn ń yí i po nínú ilé ni.

Ẹ ka ìwé ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan, nítorí náà táńkì 150 lítà tí ó kún ti jẹ 150 kìlógíráàmù kí ẹ tó gbé ìkòkò kan wọlé. Bí wọ́n bá fún èmi ní owó lónìí, Scamp àlòkù tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ ni màá fi rà, ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ ni màá sì lọ wò ó.